Àpòòtọ̀ Mi Tó Ń Kánjú Lọ sí Duluth

Ẹnu ọ̀nà ilé ìtọ̀ ni ojú wa ti pàdé.

Mo mọ̀ pé ibẹ̀ kọ́ ló yẹ kí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Nínú àwọn ìwé ìfẹ́ pẹlẹbẹ tí mo ti ń kà láti ọmọ ọdún mẹ́tàlá, etí omi ni ojú ti máa ń pàdé ojú, tàbí inú òjò, atẹ́gùn á sì máa fẹ́ aṣọ obìnrin náà lẹ́lẹ́. Kóòtù bàbá mi tó ti ṣá ni èmi wọ̀, mo sì fi ẹsẹ̀ kọ́ra bí àlùmọ́gàjí. Ilé epo kan lẹ́bàá títì ni, ní àárọ̀ Sátidé kan nínú oṣù kẹwàá. Gbogbo ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì Elbow Creek ló rọ́ bọ́ sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì lẹ́ẹ̀kan náà, àwa mọ́kànlélógójì, mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n sì jẹ́ obìnrin. Ilé ìtọ̀ obìnrin jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo. Ìlà wa ti kọjá iwájú fìríìjì, ó ti dé ibi tí wọ́n to ìpápánu sí. Ẹni kejìdínlógún ni mí.

Ọkùnrin náà dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn tọ́ílẹ́ẹ̀tì àwọn ọkùnrin. Òun ni dírẹ́bà wa, ẹni tuntun tí ilé iṣẹ́ bọ́ọ̀sì rán sí wa láàárọ̀ ọjọ́ náà nítorí pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ la orúnkún dírẹ́bà wa àtijọ́. Ìpàkọ́ rẹ̀ nìkan ni mo ti ń rí láti ilé. Nígbà tó yíjú, ojú rẹ̀ dúdú bíi kọfí tí wọn ò fi mílíìkì sí, ó sì wò mí láàárín gbogbo èrò yẹn bí ẹni pé èmi nìkan ni mo wà níbẹ̀. Àyà mi já. Bẹ́ẹ̀ ni àpòòtọ̀ mi náà.

"Ẹ wọlé," ó ní, ó ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún mi. "Kò sẹ́nì kankan níbí."

"Rárá o, ẹ ṣeun. Mi ò kánjú."

Ó wo ẹsẹ̀ mi. "Ṣé ó dá yín lójú?"

"Ó dá mi lójú. Ẹ máa wọlé, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ débẹ̀."

Ó bá wọlé. Ó tilẹ̀kùn.

Ní Minnesota tiwa, kò sẹ́ni tó ń gba nǹkan lọ́wọ́ ẹni nígbà àkọ́kọ́. Àkọ́kọ́, ìkíni ni. Ìkejì, wọ́n ń wò ó bóyá ilé rere lo ti wá. Ìkẹta ni òótọ́. Ìyá ìyá mi lè kọ oúnjẹ lẹ́ẹ̀mejì kí ifun rẹ̀ máa hanrun, torí ó mọ̀ pé ìkẹta ń bọ̀ lọ́nà. Mo ti ṣètò ojú mi sílẹ̀ fún ìkẹta. Mo ti múra ẹ̀rín ìdúpẹ́. Ẹni tí kò dàgbà láàárín wa nìkan ló lè wọlé lẹ́yìn ìkejì, kó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ èèyàn lójú.

Mo gbọ́ omi tó ń ṣàn nínú ilé náà. Kò sí ohun tí àpòòtọ̀ mi kórìíra tó ìró omi. Èyí tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà kò ju ṣíbí kan lọ, páàdì tí mo máa ń wọ̀ sì gbà á, ṣùgbọ́n omi kún mi lójú. Nígbà tó jáde, ó wo ojú mi lẹ́ẹ̀kan, ojú tirẹ̀ náà sì yí padà. Ó kàn fi ẹsẹ̀ di ilẹ̀kùn mú títí mo fi wọlé.

Ọdún kẹrin rèé tí àpòòtọ̀ mi ti di ọ̀gá mi. Bí mo bá tọ̀ níbi iṣẹ́, tí mo rìn dé ilé ní ogún ìṣẹ́jú, bí kọ́kọ́rọ́ bá ṣe ń kan ilẹ̀kùn báyìí ló máa pariwo: nísinsìnyí! Mi ò wọ bàtà olókùn mọ́ nígbà yìnyín, torí kí n tó tú okùn tán, ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ. Bí mo bá fẹ́ jáde nílé, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo máa ń lọ tọ̀, ìkẹta kàn jẹ́ nítorí bóyá. Èyí tó wá burú jù ni ìdágbére. Lọ́dọ̀ wa, èèyàn kì í kàn dìde kó máa lọ. Wọ́n á dágbére nídìí àga, wọ́n á tún un ṣe lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á tẹ̀ lé ọ dé ìdí mọ́tò, wọ́n á sì tún fi orí wọ ojú fèrèsé. Ogójì ìṣẹ́jú ló máa ń gbà, èmi á sì máa jó lójú kan. Àwọn èèyàn a máa sọ nípa mi pé, ara Ragna yá gágá o.

Mo ní ọ̀rẹ́kùnrin kan rí, Elroy. Nílé sinimá, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo dìde kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí fíìmù tó parí. Ó ní, "Bí o ò bá fẹ́ mi, sọ fún mi." Mi ò lè sọ ohun tó ń ṣe mí. Ó ti fẹ́ ọmọbìnrin kan tó ń jókòó jẹ́ẹ́ báyìí.

Lẹ́tà kan wà nínú àpò kóòtù mi lọ́jọ́ náà. Mo kọ ọ́ sí Ìyáàfin Ardis Hovland, adarí ẹgbẹ́ akọrin wa: nítorí iṣẹ́ tó pọ̀ lọ́wọ́ mi, mo yọwọ́ nínú ẹgbẹ́ láti òní lọ. Irọ́ ni. Ilé ìkàwé ìlú wa ni mo ti ń ṣiṣẹ́, èèyàn mẹ́rin ló ń wá lóòjọ́. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé aago mẹ́ta ọ̀sán la máa kọrin ní Duluth, àádọ́ta ìṣẹ́jú láìsinmi, èmi ni mo ní orin àdákọ, wọ́n sì tò mí sí àárín gbùngbùn ìlà kẹta, èèyàn méje lápá ọ̀tún, mẹ́fà lápá òsì. Nígbà Àjíǹde tó kọjá, mo sá jáde láàárín orin. Gbogbo ìjọ rò pé Ẹ̀mí ló bà lé mi. Pásítọ̀ bọ̀ mí lọ́wọ́, ojú mi ń gbóná. Ẹ̀mí kò sì lè bà lé mi lẹ́ẹ̀kejì ní Duluth. Bí Ìyáàfin Hovland bá gba lẹ́tà náà ṣáájú aago mẹ́ta, Karin Bjornstad mọ orin yẹn, òun á kọ ọ́. Bí kò bá gbà á, ojú á tì mí níwájú ẹgbẹ̀ta èèyàn.

Ṣùgbọ́n orin yẹn nìkan ni ohun tí mo mọ̀ ọ́n ṣe tó máa ń mú kí àwọn èèyàn dákẹ́.

Mo ti gbìyànjú láti fún Ìyáàfin Hovland ní lẹ́tà náà láàárọ̀, kí bọ́ọ̀sì tó gbéra. Àpótí ìwé orin wà lọ́wọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó fi àgbọ̀n tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. "Lẹ́tà? Ó lè dúró, àbí? Ó lè dúró." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Mo dá a padà sápò.

Nígbà tí a padà sínú bọ́ọ̀sì, mo jókòó síbi tí mo máa ń jókòó sí, ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, níwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àǹtí Lavonne, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí ó ń kọ ohùn ìsàlẹ̀ láàárín àwọn obìnrin láti ogójì ọdún sẹ́yìn. Ó gbé abọ́ ìpápánu sí itan rẹ̀.

"Ragna, kí lò ń wò nínú dígí dírẹ́bà yẹn?"

"Mò ń wo ọ̀nà ni, Àǹtí."

"Ọ̀nà yẹn mà ní irùngbọ̀n o."

"Àǹtí!"

"Èmi ò sọ nǹkan kan. Gba, jẹ èyí. Mu kọfí díẹ̀."

Mo ní rárá lẹ́ẹ̀mejì, mo gba ìpápánu ní ìkẹta, ṣùgbọ́n kọfí, mo kọ̀ ọ́ jálẹ̀. Láti alẹ́ àná, omi kò kan ètè mi. Bí mo ṣe máa ń rìnrìn àjò nìyẹn: gbígbẹ bíi koríko ẹ̀ẹ̀rùn.

Ohun tó wá kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ni pé bọ́ọ̀sì tún dúró. Wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré la ti rìn. Ìwé ètò ìrìn àjò tí Ìyáàfin Hovland pín fún wa wí pé ẹ̀ẹ̀mejì la máa dúró títí dé Duluth. Dírẹ́bà ní òun fẹ́ wo táyà. Ó bọ́ sílẹ̀, ó ta táyà kan nípàá, ó rìn wọ ilé ìsinmi ẹ̀bá ọ̀nà láìsáré, bí ẹni tó ń lọ gba àmì ẹ̀yẹ. Èmi sáré ní tèmi, mo ráyè, kò sí ìlà. Nígbà tó padà, ó mú ìwé kékeré kan jáde láti àpò àyà rẹ̀, ó kọ nǹkan kan síbẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì wà wá lọ.

Wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́yìn náà, táyà tún ń ṣe é.

"Irú táyà wo rèé?" ni ẹnìkan kígbe láti ẹ̀yìn.

"Táyà tó dáa ni," ni dírẹ́bà dáhùn. "Mo fẹ́ kó máa dáa lọ ni."

Ọkàn mi bẹ̀rẹ̀ sí í rò. Ó ti rí ojú mi lẹ́nu ilẹ̀kùn yẹn. Ó mọ̀. Ó ń dá bọ́ọ̀sì ńlá yìí dúró, pẹ̀lú èèyàn mọ́kànlélógójì, nítorí èmi nìkan! Ta ni irú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí rí? Kí ló sì ń kọ sínú ìwé yẹn? Ó ní láti jẹ́ ewì. Ó kéré tán, orúkọ ni.

"Àǹtí, kí lẹ rò pé ó ń kọ?"

"Iye epo tó ń jó."

"Ṣé èèyàn máa ń rẹ́rìn-ín sí epo?"

Àǹtí Lavonne jẹ ìpápánu rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. "Ó sinmi lé iye tí wọ́n ń ta epo."

Dírẹ́bà náà tún ní ìgò omi kan tó fi lẹ́ẹ̀dì fa ìlà mẹ́rin sí lára. Bí a bá ti rìn díẹ̀, á mu ún díẹ̀, á wo ìlà náà, á dé e padà. Mo ṣọ́ ọ títí. Bí mo bá fẹ́ràn èèyàn, mo máa ń fẹ́ mọ ìdí ohun gbogbo tó ń ṣe.

Níbi tí a ti dúró jẹun ọ̀sán, nínú ọgbà kan tí ewé igi ti pọ́n wẹ̀ẹ̀ níbẹ̀, mo yára padà sí bọ́ọ̀sì kí àwọn tó kù tó padà. Ìwé náà wà lórí àga rẹ̀, ní ṣíṣí sílẹ̀. Wọ́n kọ́ mi nílé pé a kì í ka ìwé oníwèé. Wọn ò kọ́ mi pé kí n má wò ó láti òkèèrè. Mo súnmọ́ òkèèrè náà dáadáa.

*7:40. Ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rìnlá. Ìpè: díẹ̀.*
*8:55. Ìṣẹ́jú-àáyá mọ́kànlélógún. Ìpè: líle. Mo dúró dè é, ó kọjá.*
*10:10. Ìṣẹ́jú-àáyá méjìdínlógún. Kọfí: rárá. Obìnrin aláṣọ ṣíṣá: mo jẹ́ òmùgọ̀.*

"Ṣé ẹ rí ohun tí ẹ ń wá?"

Mo fò sókè. Ó dúró lórí àtẹ̀gùn bọ́ọ̀sì, sáńwíìṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mo rò pé ewì ni," ni mo wí, torí kò sí irọ́ kankan tó wá sí mi lọ́kàn.

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. "Ewì? Ìtọ̀ mi ni."

"Kí lẹ wí?"

"Ìtọ̀ mi. Iye ìgbà tí mo tọ̀, àti bó ṣe pẹ́ tó kó tó tán. Ọdún mẹ́jọ ni mo fi wa bọ́ọ̀sì ní Philadelphia. Èèyàn ò lè dúró, bẹ́ẹ̀ kọfí ni mò ń mu láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Níkẹyìn, gbogbo ìdajì wákàtí ló ń pè mí bí ọlọ́pàá. Ní ilé ìwòsàn, wọ́n kọ́kọ́ yẹ ìtọ̀ mi wò, wọ́n ní kì í ṣe àrùn, kì í ṣe ìtọ̀ ṣúgà. Nọ́ọ̀sì kan wá fún mi ní ìwé yìí. Ó ní aago ni kí n máa tẹ̀ lé, kí n má tẹ̀ lé igbe. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ìdajì wákàtí. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá dáa, mo fi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kún un. Ibi tí mo dé nìyí. Orúkọ mi ni Corwin Pryor."

"Ragna Tollefson." Ẹ̀rín ń bọ̀, ẹkún náà ń bọ̀, ẹkún ló sì kọ́kọ́ dé. "Ọdún mẹ́rin ni tèmi."

"Mo mọ̀. Mo rí i lójú yín lẹ́nu ilẹ̀kùn yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ì bá ti wọlé nígbà yẹn! Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo bi yín!"

"Ìkẹta ńkọ́?"

"Ìkẹta wo?"

Mo ṣàlàyé fún un. Ó gbọ́ ọ tán, ó fi ọwọ́ lé orí. "Oṣù mẹ́fà ni mo ti dé ìlú yìí," ó ní. "Ó yé mi wàyí. Ìdí nìyẹn tí ìyàwó onílé mi ò fi jẹ nínú ẹran tí mo sè. Mo rò pé kò dùn ni."

A rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà mo bi í ní ohun gbogbo tí mi ò lè bi ẹnikẹ́ni láti ọdún mẹ́rin, ó sì dá mi lóhùn láìtijú, ẹnu rẹ̀ kún fún búrẹ́dì.

"Bí igbe náà bá dé ńkọ́?"

"Ẹ má sáré. Òun gan-an ni. Ẹ dúró sójú kan, tàbí kẹ́ ẹ jókòó. Iṣan ìsàlẹ̀ tí èèyàn fi ń dá ìtọ̀ dúró, ẹ fún un pọ̀, ẹ tú u, kíákíá, lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ẹ ka nọ́ńbà sẹ́yìn láti ogún. Bí ìgbì omi ni, á ga, á sì wálẹ̀. Tó bá wálẹ̀ tán, kẹ́ ẹ wá rìn lọ. Àpòòtọ̀ dà bí ọmọ tó ń ké torí súìtì. Bí ẹ bá ń sáré fún un ní gbogbo ìgbà, ó ti mọ̀ pé igbe ń ṣiṣẹ́."

"Èmi kì í mu omi rárá tí mo bá ń rìnrìn àjò."

"Háà. Ìtọ̀ tó bá ki máa ń ta àpòòtọ̀ ni. Ẹ mu ún díẹ̀díẹ̀." Ó na ìgò omi tuntun kan sí mi. "Ẹ sì lọ rí nọ́ọ̀sì. Dírẹ́bà ni mí, èmi kì í ṣe dókítà."

Mo gba ìgò náà. Ọ̀rọ̀ kan ṣì ń jẹ mí lẹ́nu.

"Nítorí náà, kì í ṣe nítorí mi lẹ ṣe ń dúró?"

"Ní àkọ́kọ́, rárá."

"Lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́?"

Ó wo àwọn akọrin tó ń padà bọ̀ lábẹ́ igi. "Aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá," ó ní, "mo ṣì lè mú un dé mẹ́wàá àbọ̀. Nọ́ọ̀sì ì bá yìn mí. Ṣùgbọ́n mo dúró." Ó mú ìwé rẹ̀ lórí àga, ó sì tan ẹ́ńjìnnì.

A dé Duluth ní aago kan ọ̀sán kọjá díẹ̀. Adágún ńlá náà tẹ́ lọ rẹrẹẹrẹ nísàlẹ̀ òkè, ṣọ́ọ̀ṣì sì wà lókè. Ìlà tún wà nídìí tọ́ílẹ́ẹ̀tì ìsàlẹ̀ ilé, bẹ́ẹ̀ mo ti mu omi, àpòòtọ̀ mi sì ti kún. Corwin dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn ti àwọn ọkùnrin. Nígbà tó rí mi, ó ṣí i gbayawu.

"Ẹ wọlé, ẹ wọlé, ẹ wọlé," ó ní, léraléra, láìmí.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni mo wí. "Ẹ ṣeun." Mo sì wọlé.

Àǹtí Lavonne, tó wà nínú ìlà àwọn obìnrin, ya ẹnu. "Ó gbà á! Ojú mi ti rí ohun gbogbo tán."

Ní aago méjì, a dúró sórí pátákó fún ìdánrawò. Ìlà kẹta, èmi láàárín, méje lọ́tùn-ún, mẹ́fà lósì. Orin kejì la wà nígbà tí igbe náà dé. Ó lágbára bíi ti ìgbà Àjíǹde. Orúnkún mi ti yà sí apá kan láti sá. Nígbà náà ni mo rántí. Mo dúró. Mo fún un pọ̀, mo tú u, lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ogún, mọ́kàndínlógún, méjìdínlógún... ẹnu mi ń kọrin, orí mi ń kà. Ó ga, ó ga sí i. Ní méje, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀, bó ṣe sọ gan-an. Ó yà mí lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ṣi ohùn kan kọ. Nígbà tí orin àdákọ mi kàn, mo gbé ohùn mi sókè, àwọn tó ń to àga nísàlẹ̀ sì dúró láti gbọ́.

Ṣùgbọ́n mo mọ ara mi. Ó kọjá lẹ́ẹ̀kan. Kò dá mi lójú pé á kọjá lẹ́ẹ̀kejì. Bí mo bá fi í pamọ́ lónìí, màá tún fi í pamọ́ nígbà Kérésì, lẹ́tà irọ́ mìíràn á sì tún wà nínú àpò kóòtù. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan, mo yọ lẹ́tà náà jáde, mo yí ìwé náà padà. Mo kọ sẹ́yìn rẹ̀ pé:

*Mà, ẹ má ka ojú kejì, irọ́ ló wà níbẹ̀. Àpòòtọ̀ mi máa ń kánjú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi mí sí ìparí ìlà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Bí mo bá jáde, màá padà. Mo fẹ́ kọ orin náà.*

Ìyáàfin Hovland wà nídìí dùùrù, ó ń to ìwé orin. Aago mẹ́ta ku ogún ìṣẹ́jú. Lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, Corwin jókòó sórí àga tó kángun sí ilẹ̀kùn, fìlà rẹ̀ wà lórí orúnkún. Kò wo aago rẹ̀. Èmi ló ń wò.

"Mà, lẹ́tà àárọ̀ yẹn."

"Áà, Ragna, ọmọ mi, ohùn rẹ dùn lónìí o. Ṣé kò lè dúró di ẹ̀yìn orin?"

"Rárá, mà."

Ó gbójú sókè. Bóyá kò tíì gbọ́ rárá tó jẹ́ rárá láti ẹnu mi rí. Ó fi ìwé orin sílẹ̀, ó wá gíláàsì ojú rẹ̀ títí, ó rí i lórí irun ara rẹ̀. Mo na lẹ́tà náà sí i, ojú tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ sì kọjú sókè. Kò sọ pé rárá lẹ́ẹ̀kan, kò sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ó gbà á.